Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì tó ń fìdí rẹmi: ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun yóò kọ́kọ́ ṣe

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí Super Eagles ń gbá. Ti Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, tí ènìyàn mọ́kànlá ń kọjú sí mọ́kànlá, tí ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ sì ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti rìn yáàdì 10. Ní yunifásítì, ìdíje mìíràn tún wà lẹ́yìn pápá: ta ló lówó, ta ló rí ọmọ gbà, ta ni àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní sá fi sílẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Yunifásítì Kansas State kò borí ẹnikẹ́ni ní 1987 àti 1988. Wọ́n pàdánù eré 21, wọ́n ta ọ̀mì kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Bill Snyder gba ibẹ̀ ní òpin 1988. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, eré kan péré ló borí nínú 11. Ní ọdún kejì ó di márùn-ún, ní ẹ̀kẹta ó di méje. Ní 1993 wọ́n borí eré mẹ́sàn-án, wọ́n sì na Wyoming 52 sí 17 nínú Copper Bowl, eré ìparí sáà kan. Indiana ní tirẹ̀ pàdánù mẹ́sàn-án nínú 12 ní 2023. Curt Cignetti dé, wọ́n borí 11 nínú 13 ní 2024. Ní sáà tó tẹ̀lé e wọ́n borí gbogbo eré 16, wọ́n sì na Miami 27 sí 21 ní oṣù Kìíní 2026 láti di ọ̀gá gbogbo Amẹ́ríkà. Ọdún márùn-ún ni ti Snyder gbà kó tó gbó, ọdún méjì ni ti Cignetti. Òfin tó yí padà láàárín àwọn méjèèjì ló fa ìyẹn jù. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan mọṣẹ́ ju èkejì lọ.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ ti yọ kúrò lọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìrawọ̀ kan kì í gbé ẹgbẹ́ dìde. Ọmọ Yorùbá kan, Adewale Ogunleye, gbá bọ́ọ̀lù fún Indiana yìí kan náà láti 1996 dé 1999. Ó mú kọ́tàbáàkì ọ̀tá, ẹni tó ń darí ìkọlù tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, balẹ̀ ní ìgbà 34 àti ààbọ̀, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí NFL, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe. Nínú ọdún mẹ́rin náà, kò sí èyí tí iye eré tí Indiana borí ju èyí tí wọ́n pàdánù lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

Ọjọ́ tí yunifásítì ń wá yín kiri ni ẹnu yín tólẹ̀ jù. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i tán, ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò dà. Ẹ bi ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá ní ohun mẹ́rin, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wọ inú ìwé: èló ni àpapọ̀ owó oṣù àwọn olùrànlọ́wọ́ yín, èló ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yóò gbà nínú owó tí ilé ẹ̀kọ́ ń san fún àwọn eléré, ta ló ń bójú tó oúnjẹ, àwọn ẹgbẹ́ wo ni wọ́n sì ti bá ṣàdéhùn eré fún ọdún mẹ́rin tó ń bọ̀.

Ìbéèrè kejì yẹn kò sí nígbà tí Snyder bẹ̀rẹ̀. Oṣù Keje 2025 ni wọ́n tó gbà kí yunifásítì máa sanwó fún eléré ní tààrà. Gbèdéke ti sáà 2025 sí 2026 jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 20.5 fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo eré ìdárayá ni yóò sì pín in, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan. Tí ọ̀gá bá dáhùn pé "a máa rí i ṣe", owó kò tíì sí nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tó bá kéré sí ọdún márùn-ún pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 18 tí ẹ bá lọ bá nílé bàbá rẹ̀ yóò bi yín bóyá ẹ ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó bá máa parí.

Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́

Oṣù Kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni wọ́n sábà máa ń gba akọ́nimọ̀ọ́gbá, àsìkò náà gan-an ni àwọn ọmọ girama ń fọwọ́ sí ìwé ibi tí wọ́n ń lọ. Láti 2025, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá yí padà, àyè ọjọ́ 15 máa ń ṣí sílẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ láti kó ẹrù wọn, ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ẹlòmíràn ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ ní láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín.

Ìpàdé gbogbogbòò kan tó, ogún ìṣẹ́jú. Ẹ sọ àkókò tí ìpàdé ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí a ń wọ̀ wá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá sá kíláàsì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ sílẹ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n lé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 15 fún olúkúlùkù. Fún ènìyàn 105, wákàtí 26 àti díẹ̀ ni, ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́rin. Ìbéèrè mẹ́ta péré: kí ló ń bà á jẹ́ níbí? Ta ni nínú yín ni àwọn yòókù ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu? Kí lo fẹ́ kà gboyè? Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n bá dá ní ìbéèrè kejì sílẹ̀. Orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò máa tún jáde, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe àwọn tí ìwé ìròyìn ń pariwo. Àwọn wọ̀nyẹn ni kò gbọdọ̀ lọ.

Àwọn olùkọ́ ṣáájú àwọn agbábọ́ọ̀lù

Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà ni olùkọ́ agbára ara. Ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun ló ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ láti oṣù Kìíní dé oṣù Keje, nígbà tí òfin kò jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín lò ju wákàtí díẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni kejì ni olùkọ́ àwọn márùn-ún iwájú, àwọn géńdé tó ń dáàbò bo kọ́tàbáàkì. Lẹ́yìn wọn ni ẹ tó wá olórí ìkọlù àti olórí ìdènà.

Tí ẹ bá ní àwọn tí ẹ ti jọ ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n sì dáa, ẹ kó wọn wá. Cignetti kó Bryant Haines àti Mike Shanahan wá láti James Madison, yunifásítì tó wà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan fún ìdènà, ọ̀kan fún ìkọlù. Èrè rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀rẹ́: èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí olórí bá dárúkọ eré kan, olùkọ́ mẹ́wàá kò ní fi ọ̀nà mẹ́wàá ṣàlàyé rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn kó ọ̀rẹ́ tí kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni yanjú wá, tàbí kó fi àwọn olókìkí tí kò mọ ara wọn rí kún ilé. Ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún ẹnìkan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pàápàá ẹni tó mọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ìpínlẹ̀ náà dunjú.

Kíka orí, kí a tó lọ sọ́jà

Ẹ ṣí ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà, ìlà kan fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan: ipò rẹ̀, ọdún tó kù fún un, iye ìgbà tó wọlé lọ́dún tó kọjá, ìwọ̀n rẹ̀, ara tó ń dùn ún, máàkì rẹ̀ ní kíláàsì. Kí olùkọ́ méjì tí wọn kò jọ sọ̀rọ̀ wo fídíò eré mẹ́ta rẹ̀, kí oníkálukú fún un ní máàkì. Níbi tí máàkì wọn bá ti jìnnà síra, ẹ jọ wò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

Ènìyàn 105 ni gbèdéke òní fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wọ inú àdéhùn tuntun tó gbà kí wọ́n máa sanwó fún eléré. Ìpín tó máa ń gbéni dé ibi tó dáa nìyí: kọ́tàbáàkì 5, asáré 8, agbabọ́ọ̀lù etí pápá 12, táìtì-ẹ́ǹdì (ẹni tó ń ran géńdé iwájú lọ́wọ́, tó tún ń gba bọ́ọ̀lù) 6, géńdé iwájú ti ìkọlù 18, géńdé iwájú ti ìdènà 18, láínbákà (àwọn tó dúró lẹ́yìn géńdé ìdènà) 13, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn 19, àwọn tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń jù ú sẹ́yìn fún wọn, 6. Ẹ ṣírò rẹ̀, 105 ni. Nínú ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí i pé agbabọ́ọ̀lù etí pápá ti di 17, géńdé iwájú ò ju 12. Ìdí rẹ̀ ni pé eléré ẹsẹ̀ fífẹ́ rọrùn láti rí, àmọ́ ẹni tó tẹ̀wọ̀n 136 kílò tó sì lè yí ìdí padà kíákíá ṣọ̀wọ́n.

Pọ́tà

Láti 2018 ni ètò tí wọ́n ń pè ní transfer portal ti wà, níbi tí orúkọ ẹni tó fẹ́ kúrò ń wọ̀. Láti 2024, agbábọ́ọ̀lù tí kò bá ti fìdí rẹmi ní kíláàsì lè ṣí ibùdó iye ìgbà tó bá wù ú láìjókòó sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó gba Snyder ní ọdún márùn-ún fi lè ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì. Snyder náà wá ọ̀nà àbùjá ti ìgbà tirẹ̀: ó ń kó àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún méjì wá, àwọn tí ara wọn ti gbó.

Òfin àkọ́kọ́: ẹ ra ohun tó ti ṣe, kì í ṣe ohun tó lè ṣe. Ẹni tó ti wọlé ní eré 25 ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré dára ju ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní olówó iyebíye nígbà tó wà ní girama, tó sì jókòó ọdún méjì lórí bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ ńlá. Agbábọ́ọ̀lù 13 ló tẹ̀lé Cignetti láti James Madison. Aiden Fisher, Mikail Kamara, D'Angelo Ponds àti Elijah Sarratt wà nínú wọn. Wọ́n mọ ìṣe rẹ̀, àwọn ló sì ń kọ́ àwọn tó bá nílé. Kurtis Rourke tó mú wá ṣe kọ́tàbáàkì ti gbá ọ̀pọ̀ ọdún ní Ohio University.

Òfin kejì: láti àárín síta ni ẹ ó ti ra. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, tó dúró láàárín àwọn márùn-ún, ló ń pe ohun tí àwọn yòókù yóò ṣe. Olusegun Oluwatimi kúrò ní Virginia lọ sí Michigan ní 2022. Lọ́dún náà ló gba ẹ̀bùn Rimington àti Outland, ti àwọn géńdé iwájú tó dáa jù, papọ̀. Michigan kò ṣàìsàn nígbà náà o, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹnìkan ní àárín lè tò. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀ ní Colorado ní 2023: wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pààrọ̀ gbogbo ilé, wọ́n borí eré mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo Amẹ́ríkà ń wò wọ́n. Àwọn géńdé iwájú kò dúró. Wọ́n mú kọ́tàbáàkì wọn, Shedeur Sanders, balẹ̀ ní ìgbà 52, sáà sì parí sí 4 nínú 12. Lọ́dún kejì tí wọ́n tún iwájú ṣe, wọ́n borí mẹ́sàn-án. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Òfin kẹta: ẹ má gbà ju èyí tí àwọn olùkọ́ yín lè kọ́ lọ. Tí àjèjì bá ti ju ìdajì lọ nínú yàrá ìpàdé, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ẹlòmíràn pé "a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí".

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ òtútù: irin àti oúnjẹ

Wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni òfin fàyè gbà nígbà tí sáà kò bá sí. Ẹ fi mẹ́fà sí irin àti eré sísá, méjì sí fídíò. Ẹ wọn gbogbo wọn lọ́jọ́ kìíní, ẹ tún wọn wọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí ìwé náà wà lára ògiri. Láti 2014 ni òfin ti gbà kí ilé ẹ̀kọ́ fún wọn lóúnjẹ láìní gbèdéke, síbẹ̀ níbi tí nǹkan kò ti lọ dáadáa, oúnjẹ àárọ̀ ni ẹ ó bá pé kò sí. Ẹ fi oúnjẹ àárọ̀ ṣe dandan, kí orúkọ ẹni tó wá wà nínú ìwé. Géńdé tó bá sùn dé aago mẹ́wàá láìjẹun kò lè fi kílò marun-ún kún ara láéláé, kó gbé irin dé ibi tó wù ú.

Kí ẹnìkan sì máa lọ wo kíláàsì, kó wọlé kó ka orí. Tí máàkì ẹ̀kọ́ gbogbo ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́rin ṣírò, bá wálẹ̀ ju 930 lọ, wọ́n lè dí yín lọ́wọ́ eré ìparí sáà.

Ìdánrawò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ìgbà ìrúwé

Ìgbà 15 lẹ ní. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ wọn ní ohun gbogbo yóò parí láìkọ́ wọn ní nǹkan kan. Eré sísá mẹ́fà, eré jíjù mẹ́wàá, ọ̀nà ìdènà méjì: ó tó. Ẹ fi mẹ́fà àkọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, ẹ fi mẹ́fà tó tẹ̀lé e tún un ṣe láìfi nǹkan kan kún un, ẹ fi mẹ́ta ìkẹyìn gbá a bí eré gidi, kí adájọ́ wà níbẹ̀ tó ń fun fèrè.

Ẹ pín wákàtí méjì sí ìpele 24, ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí aago ńlá máa pè é. Mẹ́jọ fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ipò oníkálukú, mẹ́rin fún àwọn géńdé iwájú kọjú síra wọn, mẹ́rin fún bọ́ọ̀lù fífẹsẹ̀gbá, mẹ́jọ tó kù fún mọ́kànlá sí mọ́kànlá. Mẹ́rin ti fífẹsẹ̀gbá yẹn ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń kánjú máa ń kọ́kọ́ gé kúrò. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹgbẹ́ aláìlágbára ti lè tètè jèrè, nítorí pé kò gba ìrawọ̀: ó gba kí ènìyàn mọ́kànlá mọ ibi tí wọ́n ń sáré sí. Bọ́ọ̀lù tí ẹ gbá dànù tó balẹ̀ síbi yáàdì mẹ́jọ ọ̀tá dà bí ẹbùn fún àwọn tó ń dènà yín.

Oòrùn oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, akoto nìkan. Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, akoto àti pádì èjìká. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó lè wọ gbogbo rẹ̀. Òfin ni, ẹ má sì fi ṣe ọ̀nà láti fi hàn pé ẹ le. Agbábọ́ọ̀lù kan kú ní Maryland ní 2018 lẹ́yìn tí oòrùn mú un níbi ìdánrawò. Kí agbada omi dídì wà létí pápá lójoojúmọ́, kí yìnyín sì wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná tó ń sọ kántankàntan, inú omi ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé e sí títí ara yóò fi rọ̀, kí ẹ tó gbé e lọ ilé ìwòsàn. Dókítà ẹgbẹ́ ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin kọ́.

Àwọn tí ẹ ó bá gbá

Eré 12 wà, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ti líìgì ni, ẹ kò lè fọwọ́ kàn án. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kù ni tiyín. Mẹ́fà ni ẹ gbọ́dọ̀ borí kí wọ́n tó pè yín sí eré ìparí sáà, eré yẹn sì ń fún yín ní ọ̀sẹ̀ ìdánrawò kún un. Wọ́n fi Snyder ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tó rọrùn ló ń pè wá sílé. Ó jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Indiana 2024 gba FIU, Western Illinois àti Charlotte lálejò, ó sì na àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ti gbàgbé bí ìborí ṣe ń rí ní láti tọ́ ọ wò. Tí wọ́n bá ti bá ẹgbẹ́ ńlá kan ṣàdéhùn ìrìn-àjò fún ọdún àkọ́kọ́ yín, ẹ bi wọ́n ní èló ni owó ìtanràn tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ eré

Wákàtí 20 lọ́sẹ̀, mẹ́rin lọ́jọ́, ọjọ́ kan ìsinmi: gbèdéke nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú fún fídíò àti ara tó ń dunni, ọjọ́ Ajé fún ìsinmi, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú fún iṣẹ́ líle, Ọjọ́bọ̀ fún ìtúnṣe, Jímọ̀ fún rírìn eré náà láìsáré. Ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi máa ń fẹ́ lo Ọjọ́bọ̀ fún ìjìyà. Ẹ má ṣe é. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kò sáré ní Sátidé.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni kí ẹ máa kọ sára ògiri ní gbogbo ọjọ́ Àìkú: iye bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ wa àti èyí tí a gbà, iye yáàdì tí fáòlù jẹ, ìgbìyànjú kẹta tó yọrí, ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan kọ́tàbáàkì wa. Àbájáde eré lè parọ́ fún yín nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn mẹ́rin yìí kì í parọ́. Tí fáòlù àti bọ́ọ̀lù tó bọ́ bá ń dínkù, tí ẹ sì ń pàdánù, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹni tó bá pààrọ̀ ètò ìdènà rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ti ju ìdánrawò 40 nù nìyẹn. Tí kọ́tàbáàkì bá ń ṣubú ju ìgbà mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀, ẹ dín eré jíjù tó ń pẹ́ kù, kí táìtì-ẹ́ǹdì kejì dúró ṣèrànwọ́.

Ẹ rántí pé ọmọ ọdún àkọ́kọ́ lè wọlé ní eré mẹ́rin láìpàdánù ọdún rẹ̀. Ẹ tọ́jú mẹ́rin yìí di oṣù Kọkànlá, nígbà tí àwọn àgbà bá ti fara pa.

Kí ìpọnnilójú tó dé

Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí borí ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn olùkọ́ yín lórí fóònù. Bob Stoops wà lára àwọn tó tún Kansas State kọ́. Florida mú un lọ ní 1996, ó di ọ̀gá ní Oklahoma ní 1999, ó sì gba ife orílẹ̀-èdè ní sáà 2000. Kí eré tó kẹ́yìn nínú oṣù Kọkànlá tó parí ni kí àdéhùn tuntun ti wà níwájú olórí ìkọlù, olórí ìdènà, olùkọ́ agbára ara àti olùkọ́ géńdé iwájú. Ẹ kọ iye tí ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n yóò san sínú rẹ̀. Tí owó kò bá tó mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ agbára ara.